Àrùn jẹjẹrẹ: Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àìsàn tó ṣeé wò ni wọ́n ń fi falẹ̀ títí tí yóò fi di ti ọlọ́jọ́. Ibi tí ìṣòro náà wà gan-an nìyẹn.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, àwọn ènìyàn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún 2022 lé ní 127,000. Àwọn tó sì bá a lọ láàárín ọdún kan náà lé ní 79,000. Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni jẹjẹrẹ prostate, èyí tó ń mú ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, àti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tó ń bá àwọn obìnrin jà.

Àrùn yìí kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa gbajúgbajà agbẹjọ́rò nì, Olóyè Gani Fawehinmi, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Kí ọdún náà tó parí, jẹjẹrẹ tún mú Ìyáàfin Maryam Babangida, aya ààrẹ ológun tẹ́lẹ̀ rí, lọ. Lóṣù kejìlá ọdún 2023, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, Rótìmí Akérédolú, jáde láyé lórí jẹjẹrẹ prostate. Bí àwọn tó lágbára láti wá ìtọ́jú lọ sókè òkun kò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni kí àgbẹ̀ àti ìyá aláta tó wà ní ìletò ṣe?

Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ń fún ìbéèrè yìí ni pé kò sí ilé ìwòsàn kan tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó lè dá jẹjẹrẹ ṣẹ́gun. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin lọ́dún 2017 láti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú àrùn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NICRAT. Lọ́dún 2018, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìtọ́jú àrùn àwọn obìnrin, wà nípò mínísítà ètò ìlera, ìjọba gbé ètò ọlọ́dún márùn-ún jáde láti gbógun ti jẹjẹrẹ. Nígbà tí ìyẹn parí lọ́dún 2022, wọ́n tún gbé òmíràn kalẹ̀ tí yóò parí lọ́dún 2027. Ohun tí ètò méjèèjì dá lé ni àjọṣe láàárín ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ilé iṣẹ́ apoògùn àti àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá kọ́ ni a ó fi mọ̀ bóyá àjọṣe náà ń ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà tí aláìsàn kan ń gbà láti abúlé dé ilé ìwòsàn ńlá ni a ó fi mọ̀ ọ́n.

Kókó tí kò dunni

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tó ń ta gààrì ní ìletò kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kékeré kan lára ọmú rẹ̀. Kò dùn ún. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Kò dí i lọ́wọ́ ọjà. Ó gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò gbọ́n. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ara ti ń kọ́ ènìyàn pé ohun tó bá ń dunni ló yẹ kí a tọ́jú. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dunni tàbí tí yóò fi di egbò, ó ti lè ràn dé abẹ́ abíyá, ó sì ti lè dé inú eegun tàbí ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà jákèjádò Nàìjíríà ló ń ráhùn pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí báyìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn wọn ń dé.

Ta ni ìyá yìí yóò kọ́kọ́ fi kókó náà hàn? Kì í ṣe dókítà. Aládùúgbò rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ. Ó lè jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà mọ́sálásí. Ẹnì kan lè sọ fún un pé omi ọmú àtijọ́ ló dì síbẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní ayé ló ń ṣe é, kó lọ wá ẹni tí yóò bá a wò ó. Oṣù kan yóò di mẹ́ta, mẹ́ta yóò di ọdún kan.

Nítorí náà, ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí àjọṣe ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni àdúgbò. Bí oníṣègùn ìbílẹ̀ bá mọ̀ pé kókó inú ọmú kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo dánwò, tó sì sọ fún ìyá náà pé, “Ìyá, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n yẹ̀ yín wò,” ó ti ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ oògùn lè ṣe lọ. Bákan náà ni pásítọ̀ tó bá gbàdúrà fún un, tó sì tún bá a wá owó ọkọ̀.

Obìnrin kan wà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ yìí tipẹ́. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akérédolú, ìyàwó Gómìnà Akérédolú tó ti di olóògbé, ní jẹjẹrẹ ọmú, ó gba ìtọ́jú, ó sì yè é. Lọ́dún 1997 ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa kìlọ̀ fún àwọn obìnrin lórí àrùn náà. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé jẹjẹrẹ wọ ilé wọn. Pé obìnrin kan jáde ní gbangba tó ní, “Ó mú mi, mo sì wà láàyè,” kì í ṣe ohun kékeré.

Ọtí kíkan àti iná ìléwọ́

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù ni ibi kejì. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti lè fọwọ́ yẹ ọmú wò, kó sì kọ lẹ́tà fún ìyá náà láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè yẹ ẹnu ilé ọmọ wò lọ́nà tí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọtí kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà, èyí tí wọ́n ti bomi là níwọ̀n, ni nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ náà yóò rọra fi kan ẹnu ilé ọmọ. Yóò dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì tan iná wò ó. Bí ibì kan bá funfun, ó ṣeé ṣe kí ara ibẹ̀ ti ń yí padà sí ohun tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń mú lọ́wọ́, tí wọ́n lè fi ooru jó ibẹ̀, kí obìnrin náà sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Láti nǹkan bí ẹni 30 ọdún ni wọ́n ń gba àwọn obìnrin níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò yìí.

Fínígà kò wọ́n. Iná ìléwọ́ kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìyá náà dé. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé ló ní irú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, nítorí àwọn ló ni ilé ìwòsàn alábọ́dé. Bí ètò Àbújá bá dára tó, bí àwọn wọ̀nyí kò bá gba iṣẹ́ náà mú, inú ìwé ni yóò wà.

Ìbàdàn ti ń kà wọ́n tipẹ́

Ká ní ìyá wa dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọn yóò fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ lára kókó náà, wọn yóò sì gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ awò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí nìkan ló lè fi hàn dájú bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ọ̀pọ̀ kókó inú ọmú ni kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó sá padà sílé lè jẹ́ ẹni tí kò ní ohunkóhun.

Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó wà ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Láti àwọn ọdún 1960 wá ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́dún 2009 ni wọ́n sì kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó wà káàkiri Nàìjíríà pọ̀ sábẹ́ ètò kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni kíka aláìsàn fẹ́ ṣe fún ẹni tí ara ń ni. Bàbá tí kò mọ iye ọmọ tó wà nílé, báwo ni yóò ṣe mọ iye iṣu tí yóò sè? Bí a kò bá mọ iye ènìyàn tí jẹjẹrẹ ọmú ń mú ní Òkè-Ògùn, kò sí bí a ṣe lè mọ iye oògùn tí a ó rà tàbí ibi tó yẹ kí a gbé ẹ̀rọ sí. Abúlé tí a kò ka òkú rẹ̀, wọn yóò rò pé kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀.

Níbi ìwádìí, ilé ìwòsàn yunifásítì OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn dókítà Ifẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ARGO. Àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà mìíràn sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ara àwọn aláìsàn ilẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ti ń wá ìdáhùn sí ohun tó ń ṣe wọ́n.

Owó ni kókó

Ibi tí ọ̀nà ti sábà máa ń já ni owó. Abẹ́, oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan, àti ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ, kò sí èyí tí owó gààrì lè san nínú wọn. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ará Nàìjíríà ti ń san owó ìtọ́jú. Oko yóò lọ, ilé yóò lọ, owó ilé ìwé àwọn ọmọ yóò lọ. Nígbà mìíràn, aláìsàn á gba oògùn lẹ́ẹ̀mejì, á dúró wá owó, àrùn náà á sì tún gbérí.

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 sọ pé kí gbogbo ará Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, ó sì dá àjọ NHIA sílẹ̀ láti bójú tó o. Kí òfin yẹn tó dé, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ti dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2021 fún àwọn aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, UCH sì wà lára wọn. Àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè bíi Clinton Health Access Initiative àti American Cancer Society náà bá àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn dúnàá dúrà kí oògùn jẹjẹrẹ lè dín lówó.

Iṣẹ́ rere nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n omi díẹ̀ ni fún òùngbẹ ńlá. Ilé ìwòsàn mẹ́fà kò lè kárí orílẹ̀-èdè tó ní ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Ẹni tí kò bá sì gbọ́ pé owó ìrànwọ́ kan wà kò lè béèrè fún un.

Ní ti ẹ̀rọ, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sunkún. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀rọ ìtànṣán ti bàjẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, tí aláìsàn sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti wá èyí tó ń ṣiṣẹ́. Lóṣù kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Mílíọ̀nù 11 dọ́là ni àjọ NSIA, tó ń bá Nàìjíríà fi owó pamọ́ tó sì ń fi ṣòwò, ná sí i. Àjọ náà gbé owó wá, ilé ìwòsàn pèsè ilẹ̀ àti àwọn dókítà. Owó tí aláìsàn ń san wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ra ẹ̀rọ mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, owó òun náà ti dákẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò lówó tí kò sì ní adójútòfò yóò máa wo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láti ìta.

Ibi tí ọwọ́ ti pé

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé àjọṣe lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kó wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. HPV ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àrùn tó pa nǹkan bí 7,000 obìnrin ní Nàìjíríà lọ́dún 2022. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà fi ń ràn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n tó mọ ọkùnrin.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ ń gbà á. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, ó kan Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àtàwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ tó ti gbà á lé ní mílíọ̀nù 12.

Kò rọrùn. Àhesọ gba ìlú kan pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ a máa sáré ju òtítọ́ lọ. Ohun tó gba iṣẹ́ náà là ni pé olúkúlùkù mọ ipa tirẹ̀. Àjọ Gavi bá wọn wá abẹ́rẹ́ náà. WHO àti UNICEF kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ṣe ìlanilọ́yẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ lọ sí ilé ìwé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Àwọn ọba, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti àwọn ìyálọ́jà bá ìlú sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé níbi tí iṣẹ́ ti ní olórí, tí owó wà, tí ọ̀rọ̀ sì dé etí ará abúlé lẹ́nu ẹni tó gbọ́kàn lé, Nàìjíríà lè ṣe é. Ohun tí a ṣe fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án yìí ló kù tí a kò tíì ṣe fún ìyá àti bàbá rẹ̀.

Ohun tó kù

Lóṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé nínú gbogbo 100 náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, 15 yóò jẹ́ ti ètò ìlera. Nàìjíríà tó gba àwọn àlejò náà kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ètò jẹjẹrẹ tó wà nílẹ̀ yóò parí lọ́dún 2027. Bí owó kò bá tẹ̀lé e, wọn yóò tún kọ òmíràn ni.

Kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀ tán, àwọn nǹkan kan wà tó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Kí ẹni tó ní ọmọbìnrin tàbí ọmọ-ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò sì tíì ju mẹ́rìnlá lọ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí àwọn obìnrin béèrè ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wọn bóyá wọ́n ń fi fínígà yẹ ẹnu ilé ọmọ wò. Bí wọn kò bá ṣe é, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀. Kí àwọn bàbá tó ti lé ní 50 ọdún bi dókítà léèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ prostate, kí wọ́n má sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń dí ìtọ̀ lọ́nà.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí ìdílé forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wọn nígbà tí ara bá le, bíi OYSHIA ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlera Èkó l'Ékòó, kí wọ́n sì béèrè ohun tí ètò náà kó mọ́ra, nítorí kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Ojò kì í bẹ̀rẹ̀ tán kí a tó máa kọ́lé.

Ìyá tó ń ta gààrì lẹ́bàá Ìsẹ́yìn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àjọṣe orílẹ̀-èdè. Ohun tí yóò mọ̀ ni bóyá aládùúgbò rẹ̀ sọ fún un pé kó lọ, bóyá ó bá nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, bóyá lẹ́tà tí wọ́n kọ fún un rí ẹni gbà á ní Ìbàdàn, bóyá wọ́n dá a padà nítorí owó. Bí ọwọ́ mẹ́rin wọ̀nyí bá di ara wọn mú, kókó kékeré náà yóò di ìtàn tó ń sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá tú nínú wọn, a ó tún fi ẹnì kan kún àwọn tí a ń kà lọ́dọọdún.